Ta Ló Da Omi Sí Ògiri Mi?

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ògiri tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò lanu rárá. Wọ́n rẹ́ ẹ, ó dán, a kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wàrà, síbẹ̀ ó ń làágùn tọ̀sán tòru bí alágbàro. Ògiri yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí, òun náà ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn, ó kù díẹ̀ káàtó.

Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì kan ni à ń gbé ní Bàrígà, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lọ sọ́nà ọ̀sà. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ pé omi kò jìnnà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà òjò, bí ẹ bá gbẹ́ ihò tí kò jìn ju orúnkún lọ, ẹ ó bá omi pàdé. Ní oṣù keje ọdún 2017, nígbà tí òjò ńlá nì rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Èkó lọ, àgbàrá wọ inú ọgbà wa, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò wọ yàrá, ṣùgbọ́n ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tó ń rò ó bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun yà padà. Ni àwa ayálégbé bá ṣe ìpàdé. A ní bó bá di ọdún tó ń bọ̀, á wọlé dandan. Onílé ní òun kò lówó lọ́wọ́, kí àwa ṣe é, òun á yọ díẹ̀ nínú owó ilé wa. Èmi ni wọ́n fi ṣe akápò, wọ́n ní oníwèé ìròyìn gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò gan-an ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nígbà tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, tí ẹ̀ẹ̀rùn mú ganrínganrín, a ra yẹ̀pẹ̀ pupa típà méjì. A kó o sí ẹ̀gbẹ́ ilé láti iwájú dé ẹ̀yìn, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì da kọnkéré lé e lórí. Èmi ni mo dúró ti àwọn lébìrà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n parí, ilẹ̀ ìta ti ga tó ilẹ̀ inú yàrá wa. Lápá ẹ̀yìn yàrá àwọn ọmọ, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn, ó tilẹ̀ fi nǹkan bí ìka mẹ́rin ga jù ú lọ. Inú mi dùn. Mo ní kí àgbàrá wá wò ó báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni obìnrin kan kó wá sí òkè. Opó ni, àdìrẹ ló ń tà, ó sì ní ọmọkùnrin méjì. Ìyá Òkè ni àwọn ọmọ wa ń pè é, ni gbogbo ilé bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Láti aago márùn-ún ìdájí ló ti ń da omi. Bó bá fọ aṣọ tán á fọ balùwẹ̀, bó bá fọ balùwẹ̀ tán á fọ àtẹ̀gùn. Balùwẹ̀ rẹ̀ yìí, orí igun yàrá àwọn ọmọ wa gan-an ló wà.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ìyàwó mi pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ọ̀dà ara ògiri tó wà lẹ́bàá ibùsùn àwọn ọmọ ti wú, ó lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fọ́, ìyẹ̀fun funfun kan sì dà sílẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó tutù rinrin. Mo gbójú sókè wo àjà, mo gbọ́ tí omi ń dà ṣàà lókè. Ọ̀rọ̀ parí. Mo ti mú olè.

Ẹ ò rí i bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe rí? Ohun méjì ló yí padà nínú ilé yẹn lọ́dún náà: a da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ ilé, obìnrin kan sì kó wọlé. Ọ̀kan nínú méjèèjì, èmi ni mo ṣe é. Èkejì, àlejò ni. Ta ni ẹ rò pé mo máa di ẹ̀bi rù?

Kí n má purọ́, n kò kọ́kọ́ bá a jà. Ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ bá jà. Pẹ́ńtà wá, ó họ ara ògiri, ó kùn ún lákọ̀tun. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó tún wú. Wọ́n ní ọ̀dà olówó gọbọi kan wà tí omi kò lè ràn. Mo ra ìyẹn náà. Ibi tí a kùn gbẹ lóòótọ́, àmọ́ omi gba ẹ̀yìn ọ̀dà gòkè, ó lọ yọ jáde lókè ibi tí a kùn dé. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn dé itan. Táìlì náà dára, àwọn àlejò ń yìn ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí omi tún fi yọjú lókè rẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, làpálàpá sì ni mo ń fowó pa láti ọjọ́ yìí wá.

Àbígbẹ̀yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ló ń sùn síhà ògiri yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni ikọ́ mú un. Ikọ́ òru ni, àyà rẹ̀ á máa dún bí fèrè, òun á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wá èémí. Ẹ̀yin tó bímọ, ẹ mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa ka èémí ọmọ ní aago mẹ́ta òru. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, ó dín kù, ó tún padà. Lọ́jọ́ kan, dókítà obìnrin kan níbẹ̀ bi wá ní ìbéèrè tí n kò retí. Ó ní, “Ṣé ògiri yàrá tó ń sùn ń rin? Ṣé ebu dúdú wà níbẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí á gbé ọmọ kúrò nínú yàrá náà, kí á sì wá nǹkan ṣe sí ògiri, pé oògùn nìkan kò lè ṣe é. Mo dé ibi iṣẹ́, mo wá ọ̀rọ̀ náà wò. Lóòótọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní ọdún 2009 lórí ọ̀rinrin àti ebu inú ilé. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ikọ́, ìṣòro èémí àti ikọ́ fée máa ń yọ àwọn tó ń gbé inú ilé tó ń rin lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gun òkè lọ. N kò kí i. Èmi ọmọ Yorùbá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin tó jù mí lọ, n kò ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, “Omi yín fẹ́ pa ọmọ mi.”

Ó ní, “Omi wo, Bàbá Káyọ̀dé?”

Mo ní omi balùwẹ̀ rẹ̀ ni, tó ń dà lóru bí ẹni ń fọ mọ́tò. Ó ní kí n wọlé wá wo balùwẹ̀ náà fúnra mi, pé ilẹ̀ rẹ̀ kò sán, omi kò sì dúró níbẹ̀. N kò wọlé. Mo ní kí ni mo fẹ́ wò nígbà tí mo ti rí ohun tó ń ṣe nísàlẹ̀. Ohùn mi lọ sókè, tirẹ̀ náà lọ sókè, àwọn ará ilé jáde. Láti ọjọ́ náà, a kò kí ara wa mọ́. Mo kọ lẹ́tà sí onílé, mo sì mọ lẹ́tà kọ, iṣẹ́ mi ni. Àwọn ayálégbé yòókù fọwọ́ sí i. Onílé kò wá wo nǹkankan, ó ṣáà fẹ́ kí ariwo dá. Ó fún obìnrin náà ní ìwé pé kó wá ilé mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2020 ló kó ẹrù rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré ló dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, tó ní “Ẹ káàárọ̀ sà,” bó ti máa ń ṣe.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń ṣe láti ogún ọdún, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi níbẹ̀ ni pé kí n gbọ́ tọ̀tún kí n gbọ́ tòsì kí n tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti ìlú Èkó pa nítorí àrùn kòrónà. Kò sí ẹni tó lè kó wọlé, kò sí ẹni tó lè kó jáde. Yàrá òkè ṣófo, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ onílé, kò sí ẹni tó da omi ife kan síbẹ̀. Èmi ń retí kí ògiri mi gbẹ. Oṣù kẹrin kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ní oṣù kẹfà, ògiri náà rin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo máa ń jókòó ti ibùsùn náà lóru, mo máa ń gbójú sókè, kò sí ìró omi, kò sí ìró ẹsẹ̀. Ìyàwó mi kò sọ nǹkankan. Ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóbìnrin nílé, ẹ mọ irú ìwò yẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú díẹ̀díẹ̀, aládùúgbò wa kan gbé iṣẹ́ fún bíríkìlà àgbàlagbà kan láti tún odi rẹ̀ mọ. Ará Kétu ni bàbá náà, Kétu ti orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lọ́hùn-ún. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ ilé mọ tí wọ́n ń lẹ táìlì ní Èkó, ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wo ògiri mi. Mo ti ní in lọ́kàn pé á ní kí n ra irú ọ̀dà kan ni.

Bàbá Kétu wọlé, kò bèèrè ọ̀dà. Ó fi ẹ̀yìn tàwẹ́ẹ̀lì kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó, kó, kó, ó ń gbọ́ ibi tó ń dún bí agbè òfìfo. Ó fi ìka pa ìyẹ̀fun funfun yẹn, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ìyàwó mi pariwo. Bàbá ní, “Iyọ̀ ni. Omi inú ilẹ̀ ló ń gbé e gòkè. Omi á gbẹ, iyọ̀ á dúró.” Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu tàwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé ibi tí ọ̀rinrin náà gùn dé. Láti ọdún méjì tí mo ti ń wo ògiri yẹn, n kò rí ohun tó fi hàn mí. Ìlà kan wà níbẹ̀ gbọọrọ láti igun dé igun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí ìlà tí omi ń fi sílẹ̀ nínú ìkòkò. Láti ilẹ̀ dé ìlà náà, kò tó mítà kan. Òkè ìlà náà gbẹ, ó gbẹ títí dé ibi tó kù díẹ̀ kó kan àjà.

Ó ní, “Ọmọ mi, omi tó bá ti òkè wá, òkè ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́. Eléyìí ń ti ìsàlẹ̀ gun òkè. Ṣé o mọ bí òwú ṣe ń fa epo nínú àtùpà? Bẹ́ẹ̀ náà ni búlọ́ọ̀kù ṣe ń mu omi ilẹ̀. Ìwọ̀n ibi tó lè fà á dé náà lo rí yẹn.”

Mo ní, “Bàbá, balùwẹ̀ wà lókè níbẹ̀ yẹn.” Mo ṣì ń wá ọ̀nà àtijàre.

Ẹ wo ọgbọ́n àgbà. Kò jà mí níyàn. Ó ní lóòótọ́, búlọ́ọ̀kù ní ihò nínú, omi lè gba inú ihò náà sọ̀kalẹ̀ kó máà fara hàn lókè, nítorí náà ká má fi ojú nìkan dájọ́. A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé. Bàbá po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ omi báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ó po ó ki, ó dà á sí ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó sì fi àkísà dí ojú ihò tí omi ń gbà lọ kí omi lè dúró. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ṣí i, a tún da òmíràn. Títí di ọjọ́ kẹrin, kò sí búlúù lára ògiri wa, kò sí lára àjà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ náà kò sán. Gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe wí.

Bàbá bá jáde síta, ó rìn yí ilé ká. Ó dé ẹ̀yìn yàrá àwọn ọmọ, ó dúró. Ó wo kọnkéré ilẹ̀, ó wo fèrèsé, ó wọlé padà, ó fi ọwọ́ wọn ilẹ̀ yàrá sí ojú fèrèsé, ó tún jáde lọ wọn tìta. Ó ní kí wọ́n bá òun mú díígà wá. Ó fọ́ kọnkéré ibẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ rin gbindin, ó lẹ̀ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù bí àkàrà mọ́ ewé. Ó gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ìlà dúdú kan wà lára ilé náà, ìlà ọ̀dà kóótà tí àwọn tó kọ́ ilé náà láyé àtijọ́ fi sí àárín ìpìlẹ̀ àti ògiri.

“Àwọn tó kọ́ ilé yìí gbọ́n,” ni Bàbá wí. “Èyí ni à ń pè ní DPC. Omi ilẹ̀ á gòkè, á dé ibí, á kan ọ̀dà yìí, á dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ilé ga kúrò nílẹ̀ nígbà náà. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ìta borí ẹ̀. Ó yẹ kó fi bí ìbú ọwọ́ kan rẹlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti kó yẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, omi wá ń gba inú yẹ̀pẹ̀ wọ ògiri lókè ọ̀dà náà. Ó ti ṣe àkàbà fún omi.” Ó gbé ojú sókè. “Ta ló da èyí síbí?”

Mo ní, “Èmi ni, sà.”

Ó mi orí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń pè òun sí ní Èkó, ohun kan náà ni. Ìjọba á ṣe títì, títì á ga ju ilé lọ, onílé á bẹ̀rù àgbàrá, á kó yẹ̀pẹ̀ dà sí ọgbà, lọ́dún kejì ògiri á máa rin, wọ́n á ní ilé ti gbó.

Ó tún ku ohun kan. Igun òkè yàrá náà, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ebu dúdú ti hù síbẹ̀ bí ìràwọ̀. Mo ní èyí ńkọ́, kò kúkú kan ilẹ̀. Bàbá ní kí á wá ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ó gé e ní igun mẹ́rin, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yí ká mọ́ ara ògiri, ó ní kí á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní bí ìrì bá wà ní ẹ̀yìn ọ̀rá, níhà ògiri, inú ògiri ni omi náà ti wá. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló rin, inú yàrá ni, afẹ́fẹ́ ló gbé e. Nígbà tí a padà dé ibẹ̀, iwájú rẹ̀ ló ní ìrì. Omi tiwa ni. Ọmọ mẹ́ta ń sùn nínú yàrá kan, fèrèsé ń pa dé láti ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹ̀fọn, ìyá wọn ń sá aṣọ tútù sórí okùn nínú yàrá nígbà òjò, a sì ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri pátápátá débi tí afẹ́fẹ́ kò fi lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bàbá ní èyí kò la owó lọ. Kí á fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí á fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé ká máa ṣí i, kí á sì máa sá aṣọ síbòmíràn. Ebu tó ti hù, kí á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ọmọ má sì sí nítòsí nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́.

Ẹ kò rí nǹkan! Ebu tí dókítà ń wí, àwa fúnra wa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, yẹ̀pẹ̀ mi ni. Ìyá Òkè kò sí níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò yá kíá. A gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yí ká, a ṣe gọ́tà tóóró síbẹ̀ tó dagun lọ sí ti àdúgbò, a sì mọ odi kúkúrú sí ẹnu géètì láti dá àgbàrá dúró. Nínú ilé, wọ́n ṣí táìlì tí àwọn àlejò ń yìn, wọ́n gbẹ́ síméńtì ara ògiri kúrò títí ó fi ga ju ìlà omi náà lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, bí wọ́n bá fi sílẹ̀, á tún máa fa omi. Mo ní kí wọ́n rẹ́ ẹ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi. Ó ní ògiri tó mu omi fún ọdún méjì kì í gbẹ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kí n jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí i. Búlọ́ọ̀kù wà níhòòhò láti oṣù kọkànlá títí oṣù kejì ọdún 2021 fi dé. Gbogbo wa sùn sí pálọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti di aláyẹ̀wò ògiri. Bí mo bá wọ ilé ènìyàn, kí n tó jókòó, ara ògiri ni ojú mi ń lọ, ìyàwó mi á sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ń pariwo pé ilẹ̀ òun ní omi, pé ògiri pálọ̀ òun ń rin. Mo bi í pé ibo ló ń rin. Ó ní ìsàlẹ̀ fèrèsé àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó rò ó, ó ní bí òjò bá rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí nǹkan, àmọ́ bí òjò ìjì bá ti ìlà-oòrùn já wá fún ìṣẹ́jú ogún péré, ògiri á ti rin. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ọjọ́ mẹ́ta á gbẹ ẹ́. Mo ní òjò ló ń gbá ojú fèrèsé, kó wá ibi tó sán láàrin férémù àti ògiri. Wọ́n bá a níbẹ̀, ìka lè wọ̀ ọ́. Ilé ìgbàlódé sì ni ilé náà o, irú èyí tí wọ́n fi odi yí òrùlé ká kí páànù má bàa hàn síta, tí kò ní ìgbèrí òrùlé rárá. Ìyá ìyá mi kò mọ ìwé, ilé alámọ̀ ló gbé títí ó fi kú, ṣùgbọ́n páànù ilé náà gùn jáde kọjá ògiri débi pé àwa ọmọdé ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, òjò kò sì kan ògiri. Ẹni tó ya àwòrán àwọn ilé tuntun wọ̀nyí, mi ò mọ̀ bóyá ó ti rí òjò rí.

Ní Ṣómólú, ilé kan wà tí ògiri rẹ̀ kò mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń rin nínú ọyẹ́ bó ṣe ń rin nínú oṣù keje, ó sì ń fẹ̀ sí i. Páìpù nìyẹn. Mo ní kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lóru kan, kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táńkì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì wẹ̀. Ìbátan mi kan ní Ìkòròdú kun ọ̀dà sílé tuntun kí síméńtì rẹ̀ tó gbẹ, ọ̀dà náà sì wú. Omi tí wọ́n fi po síméńtì ló ń wá ọ̀nà jáde. Wọ́n tún máa ń bi mí nípa àwọn ilé apá Ajáh tí ògiri wọn ń rin lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá wúwo, láìsí òjò, tó sì ń hu funfun nígbà ọyẹ́. Bí wọ́n bá fi yanrìn inú omi iyọ̀ mọ búlọ́ọ̀kù láìfọ̀ ọ́, iyọ̀ yẹn á máa mu omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ inú abọ́ ṣe ń rin nílé ìdáná. Òrùlé tó ń jò kò ní kí ẹnikẹ́ni gbọ́n púpọ̀: àjà á ní àbàwọ́n aláwọ̀ tíì tó rí róbótó.

Mo ti mọ gbogbo èyí tán kí n tó lè lọ wá Ìyá Òkè. Ẹsẹ̀ mi kò kọ́kọ́ gbé mi. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́ ògiri náà padà, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Mo dọ̀bálẹ̀ láàrin àdìrẹ, àwọn èrò ọjà ń wò.

Ó ní, “Dìde, Bàbá Káyọ̀dé, ẹ̀ ń ba aṣọ yín jẹ́.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, yẹ̀pẹ̀, búlúù, ọ̀rá, kò ṣẹ́ kù kan. Ó ń ká aṣọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Mo ní kí ẹ wọlé wá wò ó lọ́jọ́ náà.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, “Ẹ ò wọlé.” Lẹ́yìn náà ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ìgbà náà: owó tó san fún ajẹ́lé tó bá a wá ilé tuntun, owó ìwé àdéhùn, owó ọkọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀mejì, owó dígí kan tó fọ́ lọ́nà. Kò sọ pé kí n san án. Ó kàn ṣí ìwé náà síwájú mi.

Mo ní mo máa san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí agbára mi kò ká a lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó dára. Oṣù kẹwàá ni mo gbé èyí tó kẹ́yìn lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bírò fa ìlà sórí orúkọ mi nínú ìwé náà.

Ó ní, “Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ikọ́ náà ti lọ?”

Mo ní ó ti dín kù gan-an, àfi bí ọyẹ́ bá dé.

Ó ní kí n bá òun kí i.